Àlejò Lójú, Ṣé Ó Fi Ríran? Fọ́tò Dúdú Òun Funfun ní Etíkun Lynemouth

Bí a bá fi fọ́tò méjì síwájú akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama lóde òní, ọ̀kan aláwọ̀ mèremère, èkejì dúdú òun funfun, kò ní pẹ́ kí ó tó na ọwọ́ sí èyí tó ní àwọ̀. Lójú tirẹ̀, èkejì ti di ohun àwọn bàbá ńlá, ohun tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri yàrá àlejò nítorí òkú tó wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí èrò wọn yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Àwọn wọ̀nyí gbà pé fọ́tò tí kò ní àwọ̀ nìkan ló ń sọ òtítọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ ti ibi tí ìyà fìdí kalẹ̀ sí: etíkun tó dá páropáro, ilé tí afẹ́fẹ́ ti ṣí lórí, arúgbó tí ìṣẹ́ hàn lójú rẹ̀. Èrò igun méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó. Àwọ̀ kò lè sọ fọ́tò di olóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni àìsí àwọ̀ kò lè ṣe é. Ipò tí ẹni tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ wà láàárín àwọn tó ń yà ló ń ṣe é, àti irú sùúrù tó ní kí ó tó tẹ bọ́tìnnì.

Àpẹẹrẹ kan tó fi èyí hàn kedere ni iṣẹ́ tí Chris Killip ṣe ní etíkun Lynemouth láàárín 1982 sí 1984. Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìbéèrè tó gbé dìde kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ń dojú kọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe ọmọnìkejì rẹ̀.

Lynemouth jẹ́ abúlé kan ní Northumberland, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkun Àríwá ló kọjú sí, òkun tó tutù, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì le. Ẹni tó bá ń wá igi àgbọn àti iyanrìn tó ń dán kò ní rí wọn níbẹ̀. Iyanrìn etíkun náà dúdú, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló sì sọ ọ́ di dúdú. Àwọn ibi ìwakùsà èédú wà ní Lynemouth àti ní Ellington tó wà nítòsí rẹ̀, tí àwọn awakùsà ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ títí dé abẹ́ òkun. Òkúta àti pàǹtí tí wọ́n bá wà jáde pẹ̀lú èédú, etíkun ni wọ́n ń dà á sí. Òkun á wá máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Èédú fúyẹ́ ju òkúta lọ; nítorí náà, bí ìgbì ti ń bọ̀ tó ń lọ, ó ń ya èédú kúrò lára òkúta, ó sì ń gbé e wá sí èbúté. Àwọn ènìyàn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó èédú yìí. Wọn a wa kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà wọ inú omi, wọn a fi ṣọ́bìrì àti àwọ̀n kó èédú sínú rẹ̀, wọn a sì tà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé inú ilé alágbèéká tí wọ́n tò sí àgọ́ kan létí òkun níbẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ, ajá àti ẹṣin wọn.

Erékùṣù Man, láàárín Bìrìtìkó àti Ireland, ni wọ́n bí Killip sí ní 1946. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló wà nígbà tó rí fọ́tò kan tí Henri Cartier-Bresson, ọmọ ilẹ̀ Faransé, yà: ọmọdékùnrin kan tó gbé ìgò wáìnì ńlá méjì mọ́ra ní òpópó kan ní Paris, tí inú rẹ̀ ń dùn. Fọ́tò yìí ló mú kí ó pinnu pé iṣẹ́ fọ́tò ni òun yóò ṣe. Ní 1975 ó kó lọ sí Newcastle, ìlú ńlá tó sún mọ́ etíkun náà, ní 1976 ó sì fi ojú kan Lynemouth fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń kó èédú kò fẹ́ ẹ. Wọ́n rò pé amí ìjọba ni, pé ó wá wo ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ tó sì tún ń ṣiṣẹ́, kí ó lè lọ fi wọ́n sùn. Wọ́n lé e. Ó padà wá, wọ́n tún lé e. Ní 1982 ó wọ ilé ọtí tí wọ́n máa ń péjọ sí, ó fẹ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún wọn. Wọn kò fẹ́ gbọ́, títí ọkùnrin kan láàárín wọn fi rántí pé òun ti bá a pàdé rí ní ọjà ẹṣin Appleby, níbi tí àwọn méjèèjì ti jọ sá fún òjò. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Lẹ́yìn èyí ni Killip ra ilé alágbèéká tirẹ̀, ó gbé e lọ sí àgọ́ náà, ó sì ń gbé láàárín wọn ní 1983 àti 1984.

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ọdún mẹ́fà ló wà láàárín ìgbà tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ rí etíkun náà àti ìgbà tí wọ́n gbà á láàyè láti yà á. Ohun tó rí ní 1976 lẹ́wà lójú rẹ̀. Ẹṣin nínú òkun, èéfín, ìrì òkun. Bí ó bá ti rí ọ̀nà yà á lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí fọ́tò rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n fọ́tò àlejò ni ì bá jẹ́, àwọn àgbà sì ti sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìgbà tó di aládùúgbò, tó mọ orúkọ àwọn ọmọ, tó mọ ẹṣin tó ń ṣàìsàn, tí òtútù kan náà ń mú un, ni ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ríran.

Irú kámẹ́rà tó lò náà kò fi àyè gba ìkánjú. Kámẹ́rà ńlá ni, tí fíìmù rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 4 sí íǹṣì 5, ẹyọ kan ṣoṣo ni à sì ń yà kí a tó pààrọ̀ fíìmù. Ẹni tó gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè jí ènìyàn yà. Gbogbo ojú ló ń rí i. Ẹni tí a fẹ́ yà mọ̀ pé a fẹ́ yà òun, ó sì lè kọ̀. Fíìmù ńlá yìí tún ní èrè tirẹ̀: ohun gbogbo ló ń hàn lórí rẹ̀, láti orí okùn tí wọ́n fi so ẹrù títí dé iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ bàtà.

Kí wá ni dúdú òun funfun ṣe fún iṣẹ́ yìí? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ibi náà fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èédú dúdú, ìfófòó òkun funfun, ojú ọ̀run sì dà bí eérú. Ìdáhùn kejì ló ṣe pàtàkì jù. Bí àwọ̀ bá wà nínú fọ́tò, òun ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé. Aṣọ pupa tí ọmọdé kan wọ̀ lè gba ojú òǹwòran lọ́wọ́ ìyá tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá yọ àwọ̀ kúrò, ohun tó kù ni ìrísí, ìdúró, ìwò ojú, àti bí ohun kan ti tóbi sí èkejì. Nínú fọ́tò kan tí Killip yà ní 1984, ọmọbìnrin kékeré kan ń fi ìdí yí òrùka ńlá oníke, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ní àárín àgọ́ náà. Ẹni tó bá wò ó yóò rí i pé ọmọ yìí kò ronú nípa ìṣẹ́ rárá lákòókò náà. Eré ló ń ṣe. Etíkun tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ahoro ni àgbàlá ilé tirẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí rò pé fọ́tò dúdú òun funfun jẹ́ ojúlówó òtítọ́ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn. Èròjà fàdákà tó wà lórí fíìmù ń dúdú níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, ó sì ń mọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Lórí fíìmù, ojú ọ̀run ló dúdú, èédú ló funfun. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn ni onífọ́tò yóò ti tún un yí padà sórí bébà, ibẹ̀ sì ni yóò ti pinnu bí ìkùukùu yóò ti wúwo tó, àti bí ojú ènìyàn yóò ti mọ́ tó. Ìpinnu ni gbogbo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ṣe ń pinnu ọ̀rọ̀ tí yóò lò àti èyí tí yóò fi sílẹ̀.

Nítorí ìpinnu yìí ni àwọn lámèyítọ́ ṣe ń fi ẹ̀sùn kan irú iṣẹ́ báyìí. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni pé ó ń sọ ìyà di ẹwà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba ni òwe yìí dárúkọ, kò dárúkọ tálákà. Ilé tálákà tó jó ti jó náà nìyẹn, bí a bá sì wá yà á lọ́nà tí ọlọ́rọ̀ yóò fi fẹ́ gbé e kọ́ sí ilé rẹ̀, èrè ta ni? Ẹ̀sùn kejì ni pé dúdú òun funfun ń sọ ohun òní di ohun àtijọ́. Ẹni tó bá wo ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ nínú òkun lè rò pé ọdún 1884 ni wọ́n yà á, kó sì gbàgbé pé ìjọba tó wà lórí àga ní 1984 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ní ọdún tí àwọn awakùsà èédú Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó gbà wọ́n ní bí ọdún kan gbáko.

Ẹ̀sùn méjèèjì ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọ̀ ni oògùn wọn, kí ó wo New Brighton, etíkun ìgbafẹ́ kan nítòsí Liverpool. Níbẹ̀ ni Martin Parr ti ya fọ́tò láàárín 1983 sí 1985, ọdún kan náà tí Killip wà ní Lynemouth. Aláwọ̀ títàn ni Parr lò. Áísìkiriìmù tó ń yọ́ sọ́wọ́ ọmọdé, ìdọ̀tí tó kún ilẹ̀, àwọn ìdílé tó ń yáàrùn lórí kọnkéré, gbogbo rẹ̀ ló yọ kedere. Nígbà tí ìwé rẹ̀, The Last Resort, jáde ní 1986, àwọn kan pariwo pé ó fi àwọn òṣìṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó lo dúdú òun funfun, wọ́n ní ó ṣe ìyà lẹ́wà. Ẹni tó lo àwọ̀, wọ́n ní ó sọ tálákà di ẹlẹ́yà. Ó hàn pé àwọ̀ kọ́ ni ìjà dá lé lórí. Ohun tí àwọn òǹwòran ń béèrè lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni pé: kí ló fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí?

Ìbéèrè yìí le fún Killip náà láti dáhùn. Ní 1988, ó kó díẹ̀ nínú àwọn fọ́tò Lynemouth pọ̀ mọ́ àwọn tó yà ní ibòmíràn ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé kan tó ń jẹ́ In Flagrante. Òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú ìwé náà pé kí a má kà á sí ìtàn pọ́ńbélé. Ìkìlọ̀ náà kò dí àwọn òǹkàwé lọ́wọ́. Kíá ni wọ́n sọ àwọn tó wà nínú fọ́tò di àpẹẹrẹ orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ ọwọ́ ń kú nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ bí a ti ń fi ohun kan ṣe àpẹẹrẹ ohun mìíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú ewì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń kó èédú nínú òkun ní òwúrọ̀ òtútù kò sọ pé òun fẹ́ ṣe àpẹẹrẹ ohunkóhun. Owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Níbi tí ìwé 1988 ti sọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ di àmì, ẹ̀bi wà níbẹ̀, ìwà rere onífọ́tò nìkan kò sì lè fọ̀ ọ́ mọ́.

Ohun tó lè fọ̀ ọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 2011, Killip tẹ ìwé kan jáde tí kò ní ohun mìíràn nínú ju àwọn ará àgọ́ náà lọ, Seacoal ni àkọlé rẹ̀. Nínú ìwé yìí wọn kò dúró fún orílẹ̀-èdè kankan mọ́. Ìdílé ni wọ́n, aládùúgbò ni wọ́n, wọ́n ń bínú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sinmi. Ní Skinningrove náà, abúlé apẹja kan ní etíkun Yorkshire tó tún ti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ohun tó ṣe fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò tó yà níbẹ̀ ní 1983 jẹ́ ti ọmọdékùnrin kan tí wọ́n gbé lọ sójú òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ rì sínú omi. Nígbà tí òkun tún gba ọ̀dọ́kùnrin kan lára àwọn tó ti yà, Killip kó fọ́tò ọmọ náà jọ, ó sì kó wọn fún ìyá rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ kí ó tó kú ní 2020, ó tẹ àwọn fọ́tò Skinningrove sórí bébà ìwé ìròyìn, ẹ̀dà wọn sì dé ilé àwọn ará abúlé náà.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Stephen Sprague, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti àwọn ìlú mìíràn ní àwọn ọdún 1970, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a máa ya èyí tó wà láàyè, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Fọ́tò dúdú òun funfun ni, ó sì ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó lẹ́wà tàbí bóyá ó ti di ohun àtijọ́. Ìyá ló ni ín, ìyá ló ń tọ́jú rẹ̀. Níbi tí fọ́tò bá ti padà dé ọwọ́ ẹni tó ni ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀sùn pé wọ́n jí i yà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti sún mọ́ ilé ju bí a ti rò lọ. Ní etíkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ondo, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Àyétòrò, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà kan fún iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Àwọn oníròyìn àti onífọ́tò ń lọ síbẹ̀. Ilé tí ìdajì rẹ̀ ti wó sínú omi jẹ́ ohun tí kámẹ́rà fẹ́ràn, fóònù tó wà lápò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì lè sọ ọ́ di dúdú òun funfun ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kí fọ́tò náà gbajúmọ̀, kí àwọn ènìyàn kẹ́dùn, kí wọ́n sì lọ, kí ẹni tó ni ilé má mọ̀ pé wọ́n ti gbé òun kiri ayé.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó fẹ́ fi fọ́tò kọ́ni ní kíláàsì má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè bóyá ó dára. Kí ó béèrè ohun mẹ́ta. Ta ló yà á, báwo ló sì ṣe dé ibẹ̀? Ǹjẹ́ ẹni tí wọ́n yà mọ̀, ǹjẹ́ ó sì ní àǹfààní láti kọ̀? Lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán, ọwọ́ ta ni fọ́tò náà dé? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tún máa bi ara rẹ̀ nígbà tó bá ń kọ àròkọ aṣàpèjúwe. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣàpèjúwe alágbe etí ọjà láìtíì bá a sọ̀rọ̀ rí. Wọn a fi ọ̀rọ̀ arò kún ojú ìwé, wọn a sì rò pé ìyọ́nú ni. Bí ó bá lọ kí alágbe náà, tí ó jókòó tì í, tí ó gbọ́ ibi tí ó ti wá, ó ṣeé ṣe kí ìdajì àwọn ọ̀rọ̀ arò wọ̀nyẹn di ohun tí kò nílò mọ́, gẹ́gẹ́ bí Killip kò ti nílò àwọ̀.

Ibi ìwakùsà Ellington, tó kẹ́yìn àwọn kòtò èédú jíjìn ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti di títì pa ní 2005. Pàǹtí èédú kò dé etíkun Lynemouth láti ibẹ̀ mọ́, àgọ́ tí Killip gbé ti tú ká, kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin ti kúrò nínú omi. Bí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn tó gbé níbẹ̀ bá fẹ́ mọ bí ayé àwọn òbí wọn ti rí, àwọn fọ́tò wọ̀nyí ni yóò wò. Wọn yóò rí àwọn ènìyàn tó dúró ṣinṣin lójú kámẹ́rà ẹni tí wọ́n mọ̀, nítorí pé ẹni náà ní sùúrù títí wọ́n fi gbà á láàyè.